Mo kúrò ní máníjà, mo di akọ̀wé

Ẹ̀rọ ìlọta kan ló jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti sú mi. Wọ́n gbé e sí igun ọ́fíìsì wa ní Iléṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá mi. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i lára kó má baà pò pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ́ìlì fi ń kán láti ìdí rẹ̀ sórí táìlì. Láràárọ̀ ni ẹni tó ń gbálẹ̀ máa ń nù ún, yóò sì tún kán. Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi lọ gbé e nílé ẹni tó ni ín.

Ilé iṣẹ́ tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó ni mo bá ṣiṣẹ́ fún ọdún 11. Gbígba owó ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn nínú oòrùn, títí mo fi di máníjà ẹ̀ka ní ọdún 2021. Iléṣà ni iṣẹ́ wà, Ilé-Ifẹ̀ ni ilé wà, ní Parakin, níbi tí èmi àti bàbá àwọn ìbejì mi ń gbé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni mo kọ̀wé pé mo ń lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ifẹ̀ ni mo lọ, akọ̀wé owó ni wọ́n sì gbà mí sí. Ọdún 12 ni mo fi ju ọ̀gá mi níbẹ̀ lọ.

Àwọn kan pè mí láti béèrè bóyá kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Àwọn mìíràn rọra pè mí lálẹ́, tí ọkọ tàbí aya wọn ti sùn, wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, torí pé iṣẹ́ tiwọn náà ti fẹ́ pa wọ́n. Nítorí àwọn ará alẹ́ yìí ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

N kò ní ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin bíi 10 tàbí 15 á kó ara wọn jọ, oníkálukú á ṣe onídùúró fún ìkejì rẹ̀, a ó yá wọn lówó, wọ́n á máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú mi ló ṣe tí ẹni tó ń ta tòmátì nínú abọ́ kan fi gba ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá mú owó wá lọ́jọ́ ìpàdé, kò sẹ́ni tó máa kúrò níbẹ̀ títí yóò fi pé. Bí ẹ bá rí àwọn obìnrin tó jókòó sábẹ́ igi láago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ojú gbogbo wọn le, tí ọjà wọn sì wà ní títì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń dúró dè.

Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀nà dojú rú. Owó tó ń ra àpò ata márùn-ún tẹ́lẹ̀ kò ra mẹ́ta mọ́, owó ọkọ̀ gun òkè, ṣùgbọ́n owó ọ̀sẹ̀ kò mọ ìyẹn. Tágẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fún wa láti òkè kò mọ ọ́n náà. Gbèsè tó bá ti kọjá 30 ọjọ́ láìsan, wọ́n á yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí owó oṣù wa. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í le, témi náà sì le.

Ìyá tó ni ẹ̀rọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún pa owó jẹ. Ó ku ₦138,000. Ìrọ̀lẹ́ la lọ, èmi àti àwọn ọmọkùnrin méjì láti ọ́fíìsì, torí pé ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń bá onígbèsè nílé. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Àgbàlagbà Ìjẹ̀ṣà kúnlẹ̀ fún èmi tí ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí i. Mo sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa láti máa sọ: “Màmá, ẹ dìde, kì í ṣe èmi, òfin ilé iṣẹ́ ni.” Ó dìde, ó wọlé lọ, ó mú àkísà wá, ó nu ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó gbé e. Títí di òní n kò tíì mọ ìdí tó fi nù ún.

Ilé ìyá mi wà ní Ìsọ̀kùn, mo sì yà síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kí n tó wọkọ̀ padà sí Ifẹ̀. Mo ròyìn fún wọn. Òṣómàáló ni bàbá tó bí ìyá mi, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ káàkiri ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi rí owó wọn gbà. Mo rò pé wọn yóò ní ìdílé wa ló bí mi sí i. Wọn ò tètè fèsì. Nígbà tó yá wọ́n ní, “Bàbá mi lóṣòó gbowó. Kò gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹnì kankan rí.” Wọ́n wá ní kí n jẹun.

Oúnjẹ yẹn kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé ọjọ́ kejì ni mo kọ̀wé. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ kí n tó kọ ọ́, oṣù mẹ́jọ yẹn gan-an ni mo sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday ni inú máa ń run mi. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, ó jẹ́ 150 lórí 100. Mo sì ti dá ẹ̀bi rẹ̀ lé ẹnì kan lórí: ọ̀gá àgbègbè wa, ọkùnrin kan tó máa ń pariwo lórí fóònù. Mo ní bí wọ́n bá gbé e kúrò, ara mi á yá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbà mí níyànjú pé kí n wá ìwé kékeré kan, kí n máa kọ ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù lọ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ kí n tó sùn, ìlà kan péré. Mo kọ ọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 22. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀gá àgbègbè wà níbẹ̀. Ọjọ́ 16 jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè gbígbà: ẹni tó sunkún, ẹni tó sá gba ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú níṣojú ọmọ rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Mo ti fẹ́ fi ọdún méjì sí i dúró de pé kí wọ́n gbé ọkùnrin kan kúrò, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ náà gan-an ni ọwọ́ mi kò gbà mọ́.

Mo béèrè pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka ìṣírò owó ní olú ilé iṣẹ́, torí HND ìṣírò owó ni mo ní. Wọ́n ní kò sí ààyè. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sùn bí ọmọ tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí mo ṣe rántí pé ọjọ́ ti ń lọ, inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í run mi. Bó bá jẹ́ àárẹ̀ lásán ni, oorun ọ̀sẹ̀ yẹn ì bá ti mú un lọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní agbègbè Sabo ń wá akọ̀wé owó. ₦98,000 ni wọ́n ń san. Èmi ń mú ₦185,000 lọ sílé. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé fóònù sílẹ̀. Lóru, mo tún gbé e.

Bàbá Ìbejì ló ní kí a má fi ẹnu lásán ṣe é, kí a mú bírò. Tísà ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn kí nǹkan wà lórí ìwé. Ọkọ̀ Ifẹ̀ sí Iléṣà jẹ́ ₦1,200 ní àlọ, ₦1,200 ní àbọ̀. Kọ̀rópè ní Ifẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ní Iléṣà jẹ́ ₦800 lójúmọ́. Fún ọjọ́ 22, ₦70,400 ni ọkọ̀ nìkan ń jẹ. Oúnjẹ ọ̀sán, ₦22,000. Káàdì tí mo fi ń pe onígbèsè, ₦9,000. Owó tí wọ́n ń yọ nítorí gbèsè tó há, bí a bá pín ti oṣù mẹ́fà dọ́gba, ₦17,500. Ó ku ₦66,100 nínú ₦185,000 tí mo fi ń yangàn. Nínú ₦98,000 ti Sabo, kọ̀rópè nìkan ló máa jẹ ₦8,800, oúnjẹ á sì ti ilé lọ. Ó ku ₦89,200.

Bí a bá dúró níbẹ̀, à bá máa jó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ ohun tí kì í wọ ọwọ́ náà. Owó Kérésì tí wọ́n fún mi lọ́dún tó kọjá jẹ́ ₦150,000, ìyẹn ₦12,500 lóṣù. Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Lábẹ́ òfin ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé iṣẹ́ ń fi ìdá 10 sí i, ó kéré tán. Ní tèmi, ₦27,000 ló ń wọ àpò yẹn lóṣooṣù. Òfin náà kò sì sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 15. Ẹni mẹ́fà péré ló wà ní Sabo. A yọ gbogbo rẹ̀, a rí i pé nǹkan bíi ₦16,400 ni màá máa pàdánù lóṣù, pẹ̀lú ètò ìlera tí ilé iṣẹ́ ń san fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àlàfo tó dà bíi ₦87,000 lójú mi tẹ́lẹ̀, ₦16,400 ló jẹ́ gan-an. Kò kéré o. Ṣùgbọ́n ó ní orúkọ báyìí, ènìyàn sì lè bá ohun tó bá lórúkọ sọ̀rọ̀.

(Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ sọ fún mi pé kí n kàn gba ìdá 25 nínú owó ìfẹ̀yìntì mi bí mo bá ti kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, ni òfin fún láyè yẹn. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ bọ́ sí iṣẹ́ bíi tèmi kò lè fọwọ́ kàn án. Owó náà kò sọnù, orúkọ mi ló wà níbẹ̀, mo sì ń gba ìsọfúnni rẹ̀ lórí fóònù.)

Mo tún owó yẹn ṣírò lọ́jọ́ kejì. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ní ìgbà kẹrin, Bàbá Ìbejì gbé gíláàsì ojú wọn sílẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, o ti ṣírò owó yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, iye kan náà ló ń jáde. Kí lò ń wá níbẹ̀ gan-an?”

Mo ń wá àwáwí. Mo fẹ́ kí owó sọ pé kí n má lọ, kí n má baà sọ òótọ́ tó wà nísàlẹ̀: orúkọ yẹn ni n kò fẹ́ jù sílẹ̀. Máníjà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé ọkọ mi ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin tó ń bá mi tún bàtà ṣe ń pè mí. Bí ìpàdé ẹbí bá wà, wọ́n á dúró dè mí kí wọ́n tó dá owó. Nígbà tí wọ́n bí mi, kò sẹ́ni tó ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní agbo ilé wa. Nígbà tí àbúrò ìyá mi gbọ́, wọ́n ti Iléṣà pè mí: “Iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Ìwọ wá ń fẹ̀yìn rìn.” Mo bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ju ₦16,400 lọ.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni pé mo bi ara mi léèrè ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá oní-ẹ̀rọ náà pè mí ní Máníjà lórí ìkúnlẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ yẹn, ìgbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá pè mí bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́.

Kí n tó gbà, mo lọ sí Sabo pẹ̀lú ìbéèrè. Ta ni mo máa jábọ̀ fún? Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Saturday? Ṣé ẹ ó kọ iye owó sínú ìwé kí n tó kọ̀wé níbi tí mo wà? Báwo ni ẹ ṣe ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò san? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì sí mi jù, torí bí ìdáhùn bá jẹ́ bákan náà, a jẹ́ pé ẹrù kan náà ni mo fẹ́ lọ rù lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ kì í yá ju ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́ lọ, pé onídùúró méjì ni yóò wá, àti pé bó bá di wàhálà, owó tó fi pamọ́ àti ti onídùúró ni àwọn á kọ́kọ́ wò. Wọn kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni láti lọ gbé ẹrù.

Mo fún ilé iṣẹ́ ní ìwé oṣù kan. Ọ̀gá àgbègbè, ẹni tí mo rò pé ó kórìíra mi, pè mí, ó ní àwọn á fi ₦20,000 kún un. Mo ní kí ó fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo lọ ṣí ìwé ọjọ́ 22 yẹn, mo wo ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ń béèrè bóyá ₦20,000 á yí èyí padà. Kò sí ẹyọ kan tó lè yí padà.

Ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó ni owó ìpamọ́. Oúnjẹ oṣù kan àti ààbọ̀ péré ni mo ní nílẹ̀. Mo sì jẹ ilé iṣẹ́ ní owó tí mo yá láti fi tún òrùlé ṣe, wọ́n yọ ọ́ tán nínú ohun tó yẹ kí wọ́n san fún mi, ọ̀sẹ̀ méje sì kọjá kí ìyókù tó dé. Ẹni tó bá ń gbèrò irú èyí, kó ní oṣù mẹ́ta nílẹ̀, kó sì kọ́kọ́ san gbèsè ilé iṣẹ́ tán.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ le. Ọ̀gá mi tuntun ń pè mí ní Àǹtí, èmi ń pè é ní Màdáámù níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ kan ó rí àṣìṣe nínú ìṣírò mi, ó fi pẹ́ńsùlù pupa yí i po, ohun tí èmi náà ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Mo lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kìíní, ibà mú ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn, ₦46,000 sì jáde lápò wa ní ọ̀sẹ̀ tí owó ilé ìwé ń dúró. Mo kábàámọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. N kò ní parọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kẹta mo padà síbi iṣẹ́. Obìnrin kan wá gba owó tó ti ń fi pamọ́ fún ọdún mẹ́rin, ó fẹ́ fi parí ilé. Mo kà á fún un, ó tún un kà, ó sì gbàdúrà fún mi bí ẹni pé èmi ni mo fún un. Ìfúnpá mi ti wálẹ̀. Mo ń fi ₦8,000 pamọ́ lóṣooṣù nínú ẹgbẹ́ náà dípò owó ìfẹ̀yìntì. Kò tó, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó pè mí lálẹ́ ni mo sọ fún pé kó lọ. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé aládàáni, kọ ìwé ọjọ́ 22 tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kún inú rẹ̀, ẹni náà sì ń fẹ̀yìn tì lópin ọdún. Mo ní kó fara dà á. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, ohùn rẹ̀ ń yí padà bó bá ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo lọ sí Ìsọ̀kùn lọ kí ìyá mi. Ata fẹ́ tán, wọ́n ní kí n lọ lọ̀ ọ́ wá. Ẹ̀rọ méjì tó sún mọ́ ilé ló wà ní títì, mo bá rìn títí mo fi bọ́ sí òpópónà tí mo mọ̀. Ọmọ ìyá oní-ẹ̀rọ yẹn ti fi owó ránṣẹ́ láti Èkó kí n tó kúrò níbi iṣẹ́ àtijọ́, wọ́n sì ti gbé ẹ̀rọ wọn padà. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ọdún, Màmá.” Ó wò mí, ó dá mi mọ̀. Kò pè mí ní Máníjà, kò pè mí ní ohunkóhun. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó da omi díẹ̀ sí ata, ó fà á tan. Nọ́ńbà tí a fi ọ̀dà funfun kọ ṣì wà lára ẹ̀rọ náà, ó ti ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó lọ̀ ọ́ tán, mo na ₦1,000 sí i. Ó ka ṣéńjì mi fún mi pé pérépéré, ó ní kí n kí àwọn ará ilé.